Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Fi Agbára Ẹsẹ̀ Fò?

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe bàlúù, tí bàlúù náà sì gbéra nílẹ̀. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nídìí ọ̀rọ̀ bàlúù. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Bí ẹ bá gbé sípánà lé mi lọ́wọ́, n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè gan-an ni ó mú mi dé ìdí ìtàn yìí.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà kan láti tú sí èdè Yorùbá. Àyọkà náà sọ nípa ọkùnrin kan tí ó fi agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan gbé bàlúù kúrò nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1961, tí bàlúù náà sì rin mítà 64 lójú òfuurufú kí ó tó balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ‘fò’. Òmíràn, ọmọbìnrin kan tí kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, na ọwọ́ sókè, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú fò méjèèjì ni? Ṣé fò ti ẹyẹ ni, tàbí fò ti ẹni tí ó fo gọ́tà?’ Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni a ń lò fún ohun púpọ̀. Ẹyẹ ń fò. Ọmọdé ń fo kòtò. Àyà olè a sì fò nígbà tí ó bá gbọ́ ìró bàtà lóru. Adìẹ tí ajá lé a máa fò kọjá ọgbà bọ́ sí àgbàlá kejì, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ìyẹn ka adìẹ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó mọ òfuurufú. Àṣá ní tirẹ̀ a fò títí, a sì tún rà bàbà lókè bí ẹni pé òun ni ó ni ojú ọ̀run. Níbo gan-an wá ni fò ti adìẹ ti parí, tí fò ti àṣá sì ti bẹ̀rẹ̀? Mo kọ́kọ́ rò pé eré èdè lásán ni. Nígbà tí mo wá ka ìtàn náà dáadáa, mo rí i pé ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí, àti pé owó gidi wà lórí ìdáhùn rẹ̀: £5,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, £50,000 nígbẹ̀yìn.

Ó ti pẹ́ tí fífò ti ń wu ọmọ aráyé. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ Ìjàpá tí ó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kí ó lè bá wọn lọ síbi àsè ní ọ̀run? Gbogbo wa ni a sì mọ bí ó ṣe padà sílé. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí à ń pè ní Wright fi ẹ́ńjìnnì fò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1903, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì kúrò ńkọ́? Ṣé iṣan ẹsẹ̀ ènìyàn tó láti gbé ara rẹ̀ àti bàlúù rẹ̀ rìn lójú òfuurufú?

Ìṣirò rẹ̀ kò fúnni ní ìrètí púpọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, lè mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹṣin kan jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Alùpùpù tí ń gbé èrò kiri ní títì wa ní ju ìlọ́po mẹ́wàá agbára yìí lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀n agbára kékeré bẹ́ẹ̀ fò gbọ́dọ̀ ṣe bàlúù tí apá rẹ̀ gùn lọ rẹrẹ, tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tí ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ohun tí ó bá gùn tí ó sì fúyẹ́ kì í pẹ́ ṣẹ́. Inú ìjà láàárín gígùn àti ìfúyẹ́ yìí ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ wà.

Ní ọdún 1935, àwọn ará Jámánì méjì, Haessler àti Villinger, ṣe irú bàlúù bẹ́ẹ̀. Bossi àti Bonomi, àwọn ará Ítálì, ṣe tiwọn tẹ̀lé e ní ọdún 1936 àti 1937. Àwọn méjèèjì lọ lókè dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó gbé ti àwọn ará Jámánì nílẹ̀. Rọ́bà gígùn ni wọ́n fà, tí wọ́n sì fi ta á sókè bí ọmọdé ṣe ń ta kànnàkànnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ta ti àwọn ará Ítálì ní àwọn ìgbà tí ó lọ jìnnà jù lọ. Òkúta tí a bá ta láti inú kànnàkànnà a máa lọ jìnnà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òkúta fò. ‘A jù ú’ ni à ń wí. N kò fi èyí bu iṣẹ́ wọn kù, nítorí pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí bàlúù ti wà lókè. Ṣùgbọ́n gbígbéra nílẹ̀ ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti gba ìrànlọ́wọ́.

Ní ọdún 1959, ọkùnrin oníléeṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Kremer, gbé £5,000 kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi agbára ara rẹ̀ fò. Kí á wo òfin ẹ̀bùn náà dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n ní kí á ri òpó méjì mọ́lẹ̀, kí ìdajì máìlì wà láàárín wọn. Kí bàlúù gbéra láìsí ẹni tí ó tì í tàbí tí ó ta á. Kí ó yí àwọn òpó náà po ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ 8, kí ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń parí. Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ 8? Nítorí pé ẹni tí ó bá rìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yà sí ọ̀tún, kí ó sì yà sí òsì. Kí ni ìdí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá? Nítorí pé bí bàlúù bá ń rìn ní ẹ̀bá ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ilẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́. Agbára tí yóò ná kò ní í tó ti ìgbà tí ó bá jìnnà sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe òfin yìí mọ̀ dájú pé fò méjì ni ó wà, kò sì fẹ́ san owó fún ti adìẹ.

Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti wọlé. Ní Yunifásítì Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mẹ́ta kan gbà pé àwọn yóò dán an wò: Anne Marsden, David Williams àti Alan Lassiere. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ bàlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Aeronautical Society, fún wọn ní owó ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní tòótọ́. Wọ́n mọ ìṣirò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara apá kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe káfíńtà, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tí ó ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, tí wọn ìbá fi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Igi bálísà, tí ó fúyẹ́ púpọ̀, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti irin alumíníọ̀mù ní ibi tí ó bá gba agbára. Aṣọ láílọ́nù ni wọ́n fi bò ó. Láti etí apá kan dé etí apá kejì jẹ́ mítà 24: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bọ́ọ̀sì ńlá méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀, kìlógíráàmù 58 ni ó wọ̀n. Ẹ ronú sí i: ohun tí ó gùn tó bọ́ọ̀sì méjì, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Abẹ̀bẹ̀ tí yóò máa fà á lọ wà lórí òpó kan ní òkè apá. Awakọ̀ ní ìsàlẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà. Agbára ẹsẹ̀ kan náà a máa yí táyà tí ó wà nílẹ̀, a sì máa yí abẹ̀bẹ̀ tí ó wà lókè, kí bàlúù lè sáré lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra. SUMPAC ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà kò dùn létí púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yunifásítì wọn àti irú bàlúù tí ó jẹ́ ni wọ́n kó jọ.

Ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lò wù mí. Wọn kò sọ pé nítorí pé àwọn ni àwọn ṣe é, àwọn ni yóò fò ó. Wọ́n wá Derek Piggott lọ, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi bàlúù aláìlẹ́ńjìnnì rìn ní pápá Lasham ní ẹkùn Hampshire. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ afẹ́fẹ́ ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1961, ní pápá Lasham yìí, Piggott wọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa pẹ́dà. Bàlúù náà sáré lórí ilẹ̀, ó gbéra, ó ga tó mítà 1.8, ìyẹn gíga ènìyàn tí ó dúró ṣánṣán, ó sì rin mítà 64 kí ó tó balẹ̀. Kò tó láti ẹnu góòlù kan dé ìkejì ní pápá bọ́ọ̀lù.

Ohun tí gbogbo ariwo náà dá lé lórí nìyẹn: mítà 64.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù náà, bàlúù mìíràn gbéra ní Hatfield. Puffin ni orúkọ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ de Havilland, tí ó ń ṣe bàlúù tà káàkiri ayé, ni ó ṣe é. Ìwọ̀nyí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bàlúù ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1962, John Wimpenny fi Puffin rin mítà 908. SUMPAC náà kò jókòó sójú kan. Ó gbéra ní ìgbà 40, èyí tí ó sì lọ jìnnà jù lọ nínú wọn jẹ́ mítà 594. Nítorí náà, bí a bá ní kí á fi jíjìnnà ṣe ìdájọ́, Puffin ni ó borí. Bí a bá ní kí á fi ọjọ́ ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó borí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fi gbà á.

Kí ni èmi fúnra mi rò? Èmi gbà pé Piggott fò ní ọjọ́ yẹn, àti pé fò ti ẹyẹ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kúrú. Ẹni tí ó bá fo gọ́tà, gbogbo agbára tí yóò lò ni ó ti lò tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, jíjábọ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé SUMPAC dúró ní mítà kejì ni ó gbé e dúró ní mítà ọgọ́ta: ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tí kò yé yí, àti afẹ́fẹ́ tí ń gba orí apá kọjá. Adìẹ pàápàá, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, fífò ni ó ń fò. Ara rẹ̀ ni ó wúwo tí kò jẹ́ kí ó pẹ́ lókè. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo fi ojú àánú wo ọ̀ràn náà. Ó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gba £5,000 nínú SUMPAC àti Puffin. Ohun tí ó dínà mọ́ wọn ni yíyà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe máàṣì rí ní ilé-ìwé yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Bí ìlà gígùn kan bá fẹ́ yí kọ́nà, ọmọ tí ó wà ní inú kọ́nà a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan kí ó máa tẹ ẹsẹ̀, èyí tí ó wà ní òde a sì máa sáré kí ó lè bá wọn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá tí ó gùn ní mítà 24. Bí bàlúù bá ń rìn kíákíá, kò séwu. Ṣùgbọ́n SUMPAC ń rìn jẹ́jẹ́, ó kù díẹ̀ kí ó má lè gbé ara rẹ̀ dúró mọ́. Bí ó bá fẹ́ yà, etí apá tí ó wà ní inú a rìn pẹ̀lẹ́ ju bí afẹ́fẹ́ ti lè gbé e lọ, a sì fẹ́ já wálẹ̀. Wọ́n gbìyànjú, kò sì bọ́ sí i fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ìṣòro kejì kò hàn sí ojú ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ọwọ́ rí. Bálísà àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn pọ̀. Bí apá bá ṣẹ́ lónìí, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí á tó tún un ṣe. Èyí já sí pé ènìyàn kì í lè dán nǹkan wò bí ó ṣe fẹ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà á pé yóò ṣẹ́. Bí ẹ̀rù bá sì ti ń bani láti ṣe àṣìṣe, ẹ̀kọ́ kì í yá.

Owó ẹ̀bùn náà di £50,000 ní ọdún 1973, nígbà tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Paul MacCready, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbà á. Òun kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Àgbà ọ̀mọ̀wé tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ni, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó ṣe onídùúró fún ìbátan rẹ̀ kan tí òwò rẹ̀ wó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ohun tí ó mú òun ronú kan ẹ̀bùn náà nìyẹn: iye owó náà àti iye gbèsè òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. (Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣe onídùúró kiri, kì í ṣe gbogbo gbèsè ni ó ń bí bàlúù o.) Bàlúù tirẹ̀, Gossamer Condor, kò lẹ́wà bí SUMPAC. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n fi wáyà irú èyí tí ó wà nínú dùùrù so pọ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ bò. Apá rẹ̀ gùn ní mítà 29, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlógíráàmù 32 lọ. Bí ó bá wó ní àárọ̀, wọn a tún un so, a sì lè tún gbéra láìpẹ́. Ó wó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n yí i padà, ó tún wó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1977, ní Shafter ní ìpínlẹ̀ California, Bryan Allen wà á ní ọ̀nà 8 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún 16 ti kọjá lẹ́yìn ọjọ́ Lasham.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí kí ètò wa tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jókòó tì mí níhìn-ín bi mí ní ìbéèrè kan tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo yín gbọ́. Ó ní, ‘Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí mú nínú rẹ̀? Wọn kò gba owó. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Ṣé kò yẹ kí àwọn olùkọ́ wọn ti wí fún wọn pé kí wọ́n gbájú mọ́ ìwé, kí wọ́n fi ohun tí àgbà kò tíì rí ṣe sílẹ̀ fún àgbà?’ Ìbéèrè àgbà ni. Àwa olùkọ́ ni ó sì ń bá wí, kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá a lóhùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á kọjá sí Japan.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n fi òfin de àwọn ará Japan pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe bàlúù títí di ọdún 1952. Kimura Hidemasa, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìlànà bàlúù Kōken tí ó fi jíjìnnà gba ipò kìíní ní gbogbo ayé ní ọdún 1938, wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Nihon. Ó mú ọ̀rọ̀ bàlúù ẹlẹ́sẹ̀ yìí, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà ní ọdún ìkẹyìn. Ní ọdún 1966, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, tí wọ́n pè ní Linnet, gbéra, ó sì rin nǹkan bí mítà 15. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Bí ó bá jẹ́ pé ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni, wọn ìbá ti ti ilẹ̀kùn pa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é gba oyè wọn lọ, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn sì gba ìwé ìṣirò àti àṣìṣe wọn gẹ́gẹ́ bí ogún, wọ́n sì ṣe òmíràn. Linnet mìíràn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Egret, lẹ́yìn Egret ni Stork. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1977, ní pápá Shimofusa, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí à ń pè ní Kato fi Stork rin mítà 2,094 láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Kò sì tíì pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ tí MacCready gba ẹ̀bùn.

Àwọn náà kò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Ní Southampton, ènìyàn mẹ́ta ni ó ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ jáde, iṣẹ́ náà bá wọn jáde. Lassiere gbé SUMPAC lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó já lulẹ̀ ní ọdún 1965, kò sì fò mọ́. Ní Nihon, yunifásítì ni ó ní iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá, a lọ, iṣẹ́ a sì máa tẹ̀síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyẹn. Bí àṣìṣe bá wà nínú ọ̀ràn Southampton, kì í ṣe ti àwọn mẹ́ta tí ó gbìyànjú. N ó kúkú tún sọ ọ́ síta pé ìwé àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ń kọ, tí ikán ń jẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìbá máa di ìpìlẹ̀ fún ti ọdún tí ó tẹ̀lé e, bí ó bá jẹ́ pé àwa olùkọ́ ń fi í lé ọwọ́ ẹni tí ó kàn.

Èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní etí òkun Girikí. Ní Massachusetts Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bàlúù ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n pè ní BURD, kò fò. Wọ́n ṣe Chrysalis ní ọdún 1979, ó fò. Wọ́n ṣe Monarch, ó sì gba ẹ̀bùn Kremer mìíràn, ti ìyára, ní ọdún 1984. Àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, ni ó wá ṣe Daedalus. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ọkùnrin inú ìtàn àwọn ará Girikí àtijọ́ tí ó fi ìyẹ́ àti ìda sá kúrò ní erékùṣù Kírétè. Apá rẹ̀ gùn ní mítà 34, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 31.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1988, Kanellos Kanellopoulos, ọmọ Girikí tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú eré kẹ̀kẹ́, gbéra ní Kírétè, ó kọjú sí erékùṣù Santorini. Ó wa pẹ́dà fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 54. Ó rin kìlómítà 115 lórí omi. Nígbà tí ó ku mítà díẹ̀ kí ó dé èbúté, afẹ́fẹ́ kọlù ú, ìrù bàlúù náà ṣẹ́, apá rẹ̀ náà sì ṣẹ́, ó já sínú omi. Kanellopoulos lúwẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Ìfò yìí kò parí sí orí ilẹ̀, bàlúù náà sì fọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá fò ti ẹyẹ ni tàbí fò ti gọ́tà.

SUMPAC ṣì wà. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Solent Sky ní ìlú Southampton, ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Derek Piggott, lẹ́yìn ọjọ́ Lasham, fi bàlúù ṣe eré nínú fíìmù mélòó kan, ó sì kú ní ọdún 2019 nígbà tí ó pé ẹni ọdún 96. Ní ti kíláàsì mi, mo fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ‘fò’ ní máàkì rẹ̀ pé. Mo fún ọmọbìnrin tí ó bi wá léèrè náà ní máàkì kan lé sí tirẹ̀, mo sì sọ fún un pé títí di ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú kò mọ̀ pé méjì ni.